Àbúrò Mi Tó Ní Iṣu Ń Jẹ̀rora

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ gbà mí láyè kí n ro ẹjọ́ àbúrò mi obìnrin fún yín lónìí. Ó ti pẹ́ gan-an, àmọ́ mi ò tíì mọ ẹni tó jàre nínú èmi àti òun.

Ìyá Ṣadé là ń pè é. Òun àti ọkọ rẹ̀ ń dáko ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, èmi ń ṣe tíṣà ní Àgọ́-Àrẹ. Ṣadé nìkan lọ́mọ tó bí. Àìsàn dá ọmọ náà dùbúlẹ̀. Kò ké, kò sunkún. Gbogbo wa ní ara ti ń tù ú. Kó tó di àárọ̀, ọmọ ti lọ!

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn, èmi àti àbúrò mi jọ ń gbọ́ rédíò. Ẹnì kan ń sọ pé ó ṣeé ṣe kí ewéko máa mọ̀ ọ́n lára tí wọ́n bá gé e. Èmi bú sẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kejì, ó mú mi lọ sídìí patanmọ́ kan lẹ́bàá oko. Ó fi ìka kàn án, ewé náà pa dé. Ó bi mí pé kí ló bà á lẹ́rù.

Mo ṣàlàyé bíi ti kíláàsì: ewéko ò ní ọpọlọ, omi inú rẹ̀ ló ń sá kúrò níbi tí a fọwọ́ kàn. Ó gbọ́ mi tán, ó ní:

"Bùọ̀dá, Ṣadé náà ò ké. Gbogbo yín lẹ ní kò dùn ún."



Ó ti jáwọ́ nínú ẹran jíjẹ tẹ́lẹ̀. Ó wá ní iṣu náà ń jẹ̀rora tí wọ́n bá ń wà á, ló bá fi iṣu sílẹ̀, ó fi àgbàdo sílẹ̀, ó fi ẹ̀fọ́ sílẹ̀. Èso tó bá fúnra rẹ̀ já bọ́ nìkan ló ń ṣà jẹ. Nígbà tí máńgòrò pọ̀, a ò tètè fura. Àfi ìgbà tí iṣu tuntun jáde, tí gbogbo ilé ń gún iyán, la rí i pé aṣọ ti ń bọ́ lára rẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ọkùnrin, fún ìyàwó! Pásítọ̀ wá, ó ní Ọlọ́run ló fi ewéko ṣe oúnjẹ fún wa. A gbé e lọ ọsibítù ní Ṣakí, wọ́n fa omi sí i lára. Ó délé, ó tún kọ oúnjẹ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Inú bí mi lọ́jọ́ kan. Mo ní, "Ìyá Ṣadé, tó o bá kú, ṣé ìyẹn ló máa ní kí wọ́n má wa iṣu mọ́?"

Ó ní, "Mo mọ̀ pé wọ́n á wà á. Ọ̀fun mi ni kò gbà á mọ́, bùọ̀dá."

Ọyẹ́ ò tíì dé tó fi kú.

Nígbà tí a sin ín tán, wọ́n gbé àsáró síwájú mi. Ebi ń pa mí. Mo jẹ ẹ́ tán.

Ẹ̀kọ́ wo ni mo rí kọ́? Kò sí ẹ̀dá tó lè wà láàyè kó má pa nǹkan kan. Ẹni tó bá ní òun ò ní pa nǹkan kan, ara rẹ̀ gan-an ni yóò jẹ. Ìtùnú wo ló wà nínú ìyẹn? Mi ò rí i.

Ṣé èèyàn yín kan ti kọ oúnjẹ bẹ́ẹ̀ rí? Kí lẹ sọ fún un tó fi gbọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ fún èmi náà. Ó ti pẹ́ jù fún àbúrò mi, àmọ́ mo ṣì fẹ́ mọ̀ ọ́n.