Ọwọ́ Tí Mo Fi Gba Bọ́ọ̀lù

Mo ń fọ eyín lówùúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan nígbà tí ife omi já bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún mi. Kò yọ̀ bọ́ o. Mo dì í mú dáadáa, àfi bí nǹkan kan ṣe gún mi nínú apá, láàárín ìgbọ̀nwọ́ àti ọrùn ọwọ́, bí ìgbà tí wọ́n bá ki ìṣó gbígbóná bọ inú egungun. Àwọn ìka mi tú fúnra wọn. Ìyá bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, yọjú láti yàrá rẹ̀ nínú ilé wa ní Ajégúnlẹ̀.

"Ta ló ń fọ́ nǹkan níbẹ̀ yẹn?"

"Ẹ má bínú, mà. Ife ló bọ́ lọ́wọ́ mi."

Mo bẹ̀rẹ̀, mo fẹ́ fi ọwọ́ òsì mú un nílẹ̀.

"Ọ̀tún!" ni Ìyá Àgbà pa láṣẹ. Mo fi ọ̀tún mú un, omijé sì lé sí mi lójú.

Kí ẹ tó lè mọ ohun tí apá yẹn jẹ́ fún mi, ẹ gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí mo jẹ́ nígbà náà. Ìbídùn ni orúkọ mi. Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni, mi ò sì tíì pé ọmọ ogún ọdún. Mo ga ju gbogbo ọmọbìnrin àdúgbò wa lọ, mo sì ń gbá bọ́ọ̀lù alájùsápẹ̀rẹ̀, èyí tí àwa ń pè ní básíkẹ́ẹ̀tì, lórí pápá oníkọnkéré kan lẹ́yìn ọgbà àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ òkun ní Àpápá. Tí a bá ń gbá a, a máa ń gbọ́ fèrè àwọn ọkọ̀ tó ń dúró de àyè ní èbúté. "Ìràwọ̀" ni àwọn èèyàn ń pè mí, mi ò sì bá wọn jiyàn. Bí bọ́ọ̀lù bá ti kan ọwọ́ ọ̀tún mi, inú àwọ̀n ló ń lọ.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò pè mí ní ìràwọ̀ rí, Kóòṣì wa, Ọ̀gbẹ́ni Láṣebìkan. Bí gbogbo èèyàn bá ń pàtẹ́wọ́, òun á máa mi orí. "Ìdajì agbábọ́ọ̀lù ni ẹ́, Ìbídùn. Ọ̀tún nìkan lo mọ̀. O kì í fún ẹnikẹ́ni ní bọ́ọ̀lù. Ọjọ́ tí wọ́n bá dí ọ̀nà ọ̀tún yẹn mọ́ ẹ, ó parí."

Òótọ́ ni, inú sì ń bí mi pé òótọ́ ni. Ohun tí kò mọ̀ ni pé alọ́wọ́ òsì ni wọ́n bí mi. Ìgbà tí mo wà lọ́mọdé, Ìyá Àgbà ló fi ọ̀já aṣọ so ọwọ́ náà mọ́ mi lára nígbàkígbà tí a bá fẹ́ jẹun, títí ó fi gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ tó bá fi òsì na nǹkan sí àgbà, ó bú àgbà náà ni. Báyìí ni wọ́n ṣe kọ́ mi. Nítorí náà, bí Kóòṣì bá ń pariwo pé "Òsì! Òsì!", tí ẹni tí mo fẹ́ ju bọ́ọ̀lù sí bá tún jẹ́ ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ orí, apá mi á kàn lọ́ra. Ẹ lè rẹ́rìn-ín. Èmi náà ti rẹ́rìn-ín tó.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ìrora náà. Àkọ́kọ́, a ní bọ́yá mo ṣubú lu apá náà ni. Ìyá mi fi òrí pa á, obìnrin kan ní ìta kejì wá fi omi gbígbóná wọ́ ọ, mo sì ké títí ohùn mi fi há. Lẹ́yìn náà ni ibà dé. Wọ́n fún mi ní oògùn ibà, ara mi balẹ̀ díẹ̀, ó tún gbóná. Apá náà wú, awọ rẹ̀ ń dán, mi ò sì lè jẹ́ kí aṣọ kàn án. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí irú rẹ̀ bá dé bá mọ̀ nìyí: apá tó wú, tó gbóná, tí ibà sì bá a rìn, kì í ṣe apá tí wọ́n ń wọ́. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ, kíákíá. Àwa pẹ́.

Bàbá mi, tó jẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì ọkọ̀ òkun, gbàyè níbi iṣẹ́, ó so táì rẹ̀ mọ́rùn, a sì wọ ọkọ̀ fẹ́rì láti Àpápá kọjá sí Erékùṣù Èkó. Ní ilé ìwòsàn, bẹ́ǹṣì gígùn ni wọ́n ní ká jókòó sí. Bí wọ́n bá ti pe ẹnì kan wọlé, gbogbo wa á sún ìdí síwájú. Obìnrin kan tó gbé ọmọ rẹ̀ jókòó tì mí; nígbàkígbà tí a bá sún, ẹsẹ̀ ọmọ náà á kan apá mi, màá sì gé ètè mi jẹ. Ìyá ọmọ náà rí i. Ó gbé ọmọ rẹ̀ sí èjìká kejì. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀, mo sì ń gbàdúrà fún un di òní.

Dókítà tó rí wa gbé fọ́tò egungun mi sókè síbi iná. Ó ní, "Kòkòrò ti wọ inú egungun. Ọyún ló wà níbẹ̀ yẹn." Àìsàn náà ní orúkọ gígùn kan lédè òyìnbó, ṣùgbọ́n bí òye rẹ̀ ṣe yé mi nìyí. Egungun kì í ṣe igi gbígbẹ. Ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀, mùdùnmúdùn wà nínú rẹ̀. Bí eéwo bá yọ síbòmíràn lára, bí èyí tó yọ sí mi ní itan lóṣù díẹ̀ ṣáájú tí mo sì fọwọ́ tẹ̀, kòkòrò rẹ̀ lè gba inú ẹ̀jẹ̀ wọnú egungun lọ. Bí ọyún bá kún inú egungun, kò rí ibi sá sí, á máa fún ẹ̀jẹ̀ pa, apá kan egungun náà á sì kú. Oògùn kì í dé ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò dé. Nítorí náà, wọ́n gbọ́dọ̀ là á.

"Tí kò bá gbọ́," ni Dókítà wí fún bàbá mi, "a ó gé apá náà, kó má baà gba ẹ̀mí rẹ̀."

Bàbá mi fọwọ́ tú táì rẹ̀. Èmi ni mo sọ̀rọ̀. "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé màá tún lè gbá bọ́ọ̀lù?"

"Bọ́ọ̀lù kẹ̀? Máa dúpẹ́ bí o bá lè fi kọ̀wé."

Mo kórìíra ọkùnrin náà lọ́jọ́ yẹn, bẹ́ẹ̀ òun ló gba apá mi là. Nínú ọkàn mi, mo ní: ìwọ la egungun, èmi á gbá bọ́ọ̀lù.

Wọ́n là á lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún padà là á láti yọ egungun tó ti kú. Mi ò ní parọ́ fún yín, oró iṣẹ́ abẹ kò tó ti fífọ egbò. Aṣọ funfun tí wọ́n ki bọ inú egbò á ti gbẹ mọ́ ẹran ara, Sístà tó ń tọ́jú wa á sì máa fà á jáde díẹ̀díẹ̀. Mo kọrin ìjọ, mo bú, mo tún kọrin. Abẹ́rẹ́ pẹnisílíìn ń tẹ̀lé ara wọn títí ìdí mi kò fi mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó mọ́. Mo rù, ìrònú sì bò mí.

Àmọ́ ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ìtìjú dùn mí ju egbò lọ nígbà mìíràn. Ọwọ́ ọ̀tún mi wà nínú báńdéèjì, òsì nìkan ló kù tí mo lè fi gba nǹkan. Gbogbo ẹni tó bá kí mi ni mo ń bẹ̀: "Ẹ má bínú, òsì ni mo fi gbà á." Ìyá ìjọ kan mú ọsàn wá, ó nà án sí mi, ó sì dì í mú, ó ń dúró de ẹ̀bẹ̀. Nǹkan kan já nínú mi. Mo fi òsì gba ọsàn náà, mo ní, "Ẹ ṣeun, mà," mo sì dákẹ́. Látọjọ́ náà, mi ò bẹ ẹnikẹ́ni mọ́ nítorí ọwọ́ tí Ọlọ́run fi mọ́ mi.

Ìyá Àgbà nìkan ni kò yẹsẹ̀. Ó ń bẹ̀rù omi bí ẹni ń bẹ̀rù ejò, síbẹ̀ ó ń wọ fẹ́rì wá wò mí, ó ń gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti fẹ́ dá abọ́ padà fún un, á wo ọwọ́ mi.

"Gbé e kalẹ̀, màá mú un."

"Ìyá Àgbà, òun nìkan ló kù fún mi o."

"Mo mọ̀. Gbé e kalẹ̀."

Mo gbé e kalẹ̀. Mo yíjú sí ògiri, mo sì sunkún ìbínú.

Apá náà gbọ́. Wọn kò gé e. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ilé, mo rí i pé kò lè yí mọ́. Bí ẹ bá ní kí n tẹ́wọ́ gba nǹkan, òsì á ṣí sókè, ọ̀tún á dúró ní ìbú bí ọwọ́ ẹni tó fẹ́ bọ èèyàn lọ́wọ́. Bọ́ọ̀lù tí mo ń fi í jù tẹ́lẹ̀ ti lọ nìyẹn. Mo dúró kí egbò gbẹ, mo dúró kí fọ́tò egungun mọ́ tónítóní, nítorí pé oríkunkun kì í ṣe wèrè. Dókítà ní òun kò fọwọ́ sí bọ́ọ̀lù. Èmi náà kò sì ní kó fọwọ́ sí i.

Mo fẹsẹ̀ rìn láti Ajégúnlẹ̀ dé pápá wa. Kóòṣì wo apá mi, kò kẹ́dùn, kò sọ pé pẹ̀lẹ́. Ó gbé bọ́ọ̀lù sí òsì mi, ó nàka sí ògiri. "Máa jù ú." Mo ń jù ú mọ́ ògiri lójoojúmọ́, ó ń fò padà gbá mi nímú. Ebiẹrẹ, ọ̀rẹ́ mi tí àwọn òbí rẹ̀ ń pẹja ní etí omi, rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. "Ìràwọ̀ don fall from sky o!"

"Rẹ́rìn-ín dáadáa," mo dá a lóhùn. "Ìwọ ni màá máa ju bọ́ọ̀lù sí."

Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Ẹni tí kò lè jù sáwọ̀n mọ́ gbọ́dọ̀ ríran. Fún ìgbà àkọ́kọ́, mo ń wo ibi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi wà. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ẹsẹ̀ dí ọ̀nà mọ́ ọ̀tá, bí wọ́n ṣe ń fi èjìká gba àyè. Òsì mi ń rántí díẹ̀díẹ̀, ó sì ń bínú bí ẹni tí wọ́n tì mọ́lé fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Nígbà tí a gbá ìdíje pẹ̀lú ẹgbẹ́ kan láti Yábàá, bàbá mi mú Ìyá Àgbà wá láti ṣọ́ọ̀ṣì. Ó jókòó sí etí pápá pẹ̀lú gèlè rẹ̀, ó ń bèèrè ìdí tí àwọn ọmọbìnrin fi ń sáré bí olè. Bọ́ọ̀lù jáde, ó yí lọ sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo sáré lọ gbà á. Ó ti gbé e sọ́wọ́.

Mo na ọ̀tún sí i, nítorí àgbà ni. Ọwọ́ náà dúró ní ìbú, kò ṣí. Mo rò pé ọjọ́ yẹn ni Ìyá Àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i ní ti gidi. Ó wo àpá egbò náà láti ìgbọ̀nwọ́ títí dé ọrùn ọwọ́. Mo ti fi òsì pamọ́ sẹ́yìn láìmọ̀.

"Òsì ńkọ́?"

"Ó wà níbí, mà."

"Mú un wá."

Ó fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì gbé bọ́ọ̀lù lé òsì mi. "Gbà. Má jẹ́ kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ ẹ."

Mo yí padà, mo rí Ebiẹrẹ lábẹ́ àwọ̀n, mo sì fi òsì sọ ọ́ sí i láàárín àwọn ọmọ Yábàá mẹ́ta. Ó jù ú wọlé. A pàdánù ìdíje náà, ẹ má jẹ́ kí n tàn yín. Ṣùgbọ́n bí a ti ń kó ẹrù, Kóòṣì dúró níwájú mi. "Ìdajì kejì ti dé," ló wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Mo gbá bọ́ọ̀lù fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìyẹn, kò sì sẹ́ni tó tún pè mí ní ìràwọ̀.

Tí òjò bá ṣú, egungun náà ṣì ń ro mí. Mo máa ń fọwọ́ pa á, mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó jà, tí kò kú tán. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Dókítà tí mo kórìíra, àti ìyá ọlọ́mọ orí bẹ́ǹṣì. Ẹ̀yin tí apá tàbí ẹsẹ̀ kan bá kọṣẹ́ fún, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé èyí tó kù kò já mọ́ nǹkan kan.

Nígbà tí Ìyá Àgbà dùbúlẹ̀ àìsàn tó gbé e lọ, omi ló ń bèèrè. Mo fi òsì gbé ife sí i lẹ́nu. Mo dúró kó ní kí n gbé e kalẹ̀. Ó di ọwọ́ náà mú, ó sì mu omi náà tán.