Àtẹ́lẹwọ́ Lẹ́nu Kabúrétọ̀

Ẹni tó bá ń fi àtẹ́lẹwọ́ dí ẹnu kabúrétọ̀ láti pa ẹ́ńjìnnì, kó jáwọ́ níbẹ̀ lónìí. Mo rí ìyàwó kan tó ṣe é ní Lánlátẹ̀ lọ́jọ́ ọjà tó kọjá, tòun tọmọ lẹ́yìn, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Mo pariwo mọ́ ọn títí àwọn èèyàn fi ń wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Nígbà tí mo délé ni mo mú bírò. Èmi fúnra mi ni mo fi irú ìwà yẹn kọ́ ọmọ mi obìnrin, n ó sì sọ bó ṣe jẹ́ gan-an.

Èrúwà là ń gbé. Mo ní ẹ̀rọ tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́ fún àwọn tó ń ṣe gàrí, lábẹ́ páànù létí ilé wa. Ẹ́ńjìnnì kékeré tó ń mu bẹntiróò ló ń yí i. Bẹ́líìtì so ẹ́ńjìnnì náà mọ́ rólà, ìyẹn igi róbótó tí a fi páànù lílu wé, tí eyín rẹ̀ mú bí eyín ajá. Ọmọ mi, tó ti jáde ní pólì, ló ń bá mi ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Kò sí alẹ́ kan tí n kì í wo ọwọ́ rẹ̀ nídìí oúnjẹ, kí n ka ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá kí ọkàn mi tó balẹ̀.

Ìdí wà fún un. Ẹ́ńjìnnì náà kò lágbára. Bí ẹ̀gẹ́ bá pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, á há. Lọ́jọ́ kan, oníbàárà wa kan ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ láti yọ gbòǹgbò tó há. Ẹ́ńjìnnì tí a rò pé ó ti kú mí lẹ́ẹ̀kan péré, rólà yí, ó sì gé orí ìka méjì. Ẹ̀gẹ́ funfun di pupa nínú bàsíà. Obìnrin náà kò tilẹ̀ ké, ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò. Ọjọ́ náà ni mo búra pé ẹ̀rọ mi kò gbọdọ̀ há mọ́, nítorí ibi tó bá ti há ni ọwọ́ ń wọ̀.

A gbé ẹ́ńjìnnì náà lọ bá bàbá mẹkáníìkì kan. Ó fẹ ihò inú rẹ̀, ó fi písítìnì tó tóbi ju ti àtijọ́ lọ sí i. Agbára dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n kabúrétọ̀, tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún un, ti kéré jù. Ẹ́ńjìnnì ń gbóná, ó ń húkọ́. Nígbà tí ọmọ mi tú pulọ́ọ̀gì rẹ̀, èyí tó ń ṣáná sí epo, ẹnu rẹ̀ funfun bí eérú.

"Ebi epo ló ń pa á," ni bàbá náà wí. "Pulọ́ọ̀gì tí ara rẹ̀ yá, ńṣe ni ẹnu rẹ̀ máa ń rí bí èèpo ẹ̀pà yíyan."

Ó kó kabúrétọ̀ ọ̀kadà méjì jáde. Mo fi rúlà wọn ẹnu wọn. Ti àtijọ́ jẹ́ mìlímítà mẹ́rìndínlógún. Ọ̀kan nínú àwọn tuntun jẹ́ ogún, èkejì jẹ́ méjìdínlọ́gbọ̀n.

"Ológún yìí ni kí ẹ mú, Ìyá Ẹlẹ́rọ."

"Èyí tó tóbi ni mo fẹ́. Mi ò fẹ́ kó há mọ́."

"Ẹ fetí sílẹ̀. Bí ẹnu rẹ̀ bá fẹ̀ jù, afẹ́fẹ́ á máa rìn gẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, kò ní lè fa epo dáadáa. Ẹ́ńjìnnì á lọ́ra, á lọ́ra, lẹ́yìn náà á fò mọ́ yín lójú."

Ọmọ mi fà mí láṣọ. "Mọ́mì, bàbá ló mọ iṣẹ́ wọn."

"Ìwọ lo bí mi ni?"

Bàbá náà mí kanlẹ̀. "Síwíìṣì tẹ́ ẹ fi ń pa á ńkọ́?"

"Wáyà rẹ̀ ti já. Ọwọ́ la fi ń pa á."

"Ẹ tún un ṣe kí ẹ tó tan èyí o."

Mo ní mo ti gbọ́, mo sì ní kó de èyí tó tóbi náà mọ́ ẹ́ńjìnnì. N kò tún un ṣe. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti fi ń dí ẹnu kabúrétọ̀ kékeré náà. Kò ní rí èémí fà, á sì kú. Báyìí ni mo ṣe kọ́ ọmọ mi: "Dí i nímú, kò ní lè ṣagídí."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọ mi kúnlẹ̀ ti kabúrétọ̀ tuntun náà pẹ̀lú sikurudiráfà. Ó yí ìdè kékeré tó ń díwọ̀n afẹ́fẹ́ rẹ̀ wọlé díẹ̀, ẹ́ńjìnnì sunkún. Ó yí i padà síta, ẹ́ńjìnnì mí. Àwọn obìnrin tó gbé ẹ̀gẹ́ wá ti tò sílẹ̀.

"Ìyá Ẹlẹ́rọ, ẹ́ńjìnnì yín ń húkọ́ bí ọkọ mi," ni ọ̀kan wí.

"Ọkọ tìrẹ ṣì ń dáhùn tí wọ́n bá tan án?" ni èkejì fèsì, gbogbo wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín.

Mo rí i pé epo ń kán nísàlẹ̀ kabúrétọ̀ náà. Mo tilẹ̀ kà á: ẹ̀kán kan, n ó ka oókan dé ẹẹ́rin, ẹ̀kán mìíràn. Mo ní ká kọ́kọ́ rin ti àwọn tó wà nílẹ̀ ná.

Ọmọ mi fún un níná kó lè sáré. Ó húkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́yìn náà ló bú ramúramù. Ìdérí inú kabúrétọ̀, tó ń lọ sókè sódò láti ṣí ọ̀nà afẹ́fẹ́, ti há sókè, kò sì sọ̀ mọ́. Ẹ́ńjìnnì ń lu pákó tó jókòó lé, ìṣó ń fò jáde lẹ́yọ lẹ́yọ. Bẹ́líìtì ń na afẹ́fẹ́ bí pàṣán. Rólà ń tu ẹ̀gẹ́ sí wa lójú. Àwọn obìnrin sá, bàsíà dojú dé, ẹnì kan ṣubú lu ẹlòmíràn.

Ohùn mi ni ohùn tó sọ ọ́. "Dí i nímú! Dí i nímú!"

Ó gbọ́ tèmi. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún lé e. Ẹ́ńjìnnì gbé epo mì, ó sì pọ iná jáde láàárín ìka rẹ̀. Epo ti ta sí i lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀, iná náà sì sáré dé ìgúnpá. Ó ń fi ọwọ́ náà lu itan rẹ̀, aṣọ tún gbiná. Mo fa wáyà pulọ́ọ̀gì já, iná mànàmáná gbá mi dé èjìká, ẹ́ńjìnnì kú. Mo gbé ọmọ mi ṣánlẹ̀, mo fi ara mi pa iná aṣọ rẹ̀, mo sì ti ọwọ́ rẹ̀ bọ inú bàsíà ẹ̀gẹ́ rírin, nítorí ó tutù, òun ló sì sún mọ́ mi.

Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì ń ha ẹ̀gẹ́ náà kúrò lára ẹran tó ti bó. Gbogbo ìgbà tó bá ha á ni ọmọ mi ń ké.

"Ta ló fi ẹ̀gẹ́ sí i?"

"Èmi ni, nọ́ọ̀sì."

"Ṣé kò sómi níbẹ̀ ni, mà?"

Dúrọ́ọ̀mù omi wà níbẹ̀. Ìṣísẹ̀ mẹ́rin ni sí ẹ́ńjìnnì. Mo ti wọ̀n ọ́n lẹ́yìn náà.

Nígbà tí mo padà sílé, mo tú kabúrétọ̀ ńlá náà, mo gbé e sórí òkúta, mo sì fi òòlù lù ú títí ó fi pẹlẹbẹ. Bàbá mẹkáníìkì dé bá mi níbẹ̀. Ó dúró kí n ṣe tán.

"Kabúrétọ̀ yìí kò mọ nǹkan kan, Ìyá Ẹlẹ́rọ," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Ohun tí ẹ ní kó ṣe ló ṣe."

Kabúrétọ̀ ológún ló fi sí i, ṣùgbọ́n kò jẹ́ ká tan án àfi ìgbà tí a so wáyà síwíìṣì padà. Nígbà tí ọmọ mi kúrò ní ọsibítù, ọwọ́ òsì ló fi tún un tò, mo sì dúró tì í, ọwọ́ mi wà lórí síwíìṣì. Ẹ́ńjìnnì ń dún geere. Nígbà tó tú pulọ́ọ̀gì, ẹnu rẹ̀ rí bí èèpo ẹ̀pà yíyan.

Mo ṣì ń ka ìka rẹ̀ nídìí oúnjẹ. Mẹ́wàá pé, ṣùgbọ́n méjì lọ́wọ́ ọ̀tún kò nà mọ́. Ọwọ́ òsì ló fi ń jẹun báyìí, kò sì tíì fi ọ̀rọ̀ náà bú mi rí.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ ní irú ẹ̀rọ yìí, kí ẹ tó pààrọ̀ kabúrétọ̀ rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ so wáyà síwíìṣì rẹ̀ padà.