Ìwé Omi Mùjídàt

Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni Àlàájà Mùjídàt fi ń ka omi. Ẹ má rẹ́rìn-ín, iṣẹ́ gidi ni. Ní etí adágún tí wọ́n ti ń fa omi ẹ̀rọ wọ ìlú Ọ̀yọ́, pátákó oní-nọ́ńbà kan wà nínú omi. Láràárọ̀ ni yóò lọ wo ibi tí omi dé lára rẹ̀, tí yóò sì kọ ọ́ sínú ìwé. Nùrẹ́nì ọkọ rẹ̀ ló máa ń fi ọ̀kadà gbé e lọ. Bàbá náà kì í sọ̀ kalẹ̀, orí ọ̀kadà ni yóò ti ké sí i pé, "Mélòó ni tòní, Ìyá Ràódàt?" Òun ló máa ń kọ́kọ́ gbọ́ nọ́ńbà náà kí ọ̀gá kankan tó gbọ́. Áà, ayé dùn nígbà yẹn! Bàbá ti lọ báyìí, ṣùgbọ́n bí ọ̀kadà bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìyá ṣì máa ń dìde wò.

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni Dókítà Ọlọ́runnísọ̀lá, olùkọ́ ní yunifásítì Ògbómọ̀ṣọ́, wá ri òpó kan mọ́lẹ̀ létí adágún, ó gbé áńtẹ́nà lé e lórí. Àwọn sátẹ́láìtì tí awakọ̀ fi ń mọ̀nà lórí fóònù náà ni áńtẹ́nà yìí ń gbọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ń gbọ́ wọn: èyí tó wá tààrà láti òkè, àti èyí tó kọ́kọ́ ba ojú omi kó tó ta padà, bí ohùn ẹni tó kígbe níwájú àpáta. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ló fi ń mọ ibi tí omi ga dé. Kò fọwọ́ kan omi, kò sì nílò ọ̀kadà.

Nígbà tí Mùjídàt fẹ̀yìn tì, ọ́fíìsì omi ẹ̀rọ ní àwọn yóò dáná sun àwọn ìwé àtijọ́. Dókítà ní kí wọ́n ṣì dúró. Bí ìwé ìyá bá bá áńtẹ́nà mu láwọn ọdún tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, òun yóò gba gbogbo rẹ̀ sí yunifásítì, torí áńtẹ́nà kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kó tó dé. Ìyá kó ìwé sínú àpò, ó wọkọ̀ dé Ọjà Igbó ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó gba kẹ̀kẹ́ níbẹ̀ lọ sí yunifásítì.

"Ẹ káàbọ̀, Ìyá. Ẹ kú ìrìn," ni Dókítà wí, ó tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà. "Ó bára mu gan-an. Àmọ́ oṣù mẹ́rin kan wà níbí tó yàtọ̀ pátápátá. Ṣé pátákó yẹn wó ni?"

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Irọ́ ti ìyá yìí kò tilẹ̀ tí ì pé ọdún méjì. Ó lè sọ pé pátákó wó. Ta ni yóò mọ̀? Ṣùgbọ́n ojú tì í.

"Pátákó ò wó o. Mo wà ní tàkábà ni. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá tí opó kì í jáde nílé. Mi ò fẹ́ kí wọ́n fi ẹlòmíì rọ́pò mi, ni mo bá ń gbọ́ òjò lórí páànù, mo ń fi etí díwọ̀n omi. Kò sẹ́ni tó bi mí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dáná sun ún, Dókítà."

Dókítà na báírò pupa sí i. "Ẹ fa ìlà sí gbogbo èyí tí ẹ ò fojú rí. Mo gba ìyókù."

"Ṣé kí n kọ ti áńtẹ́nà rọ́pò?"

"Rárá o, Ìyá. Ìwé yín ni. Ohun tí ẹ̀yin mọ̀ ni kí ẹ kọ."

Ó fà á láti orí dé ìdí, ó lé ní ọgọ́fà ìlà, omijé sì ń dà lójú rẹ̀. Láti ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, nǹkan kan kò wọ inú ìwé yẹn rí ju nọ́ńbà lọ. Ó padà sí ọjọ́ àkọ́kọ́ nínú oṣù mẹ́rin náà, ó kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé: "Bàbá Ràódàt kú lónìí. Mi ò wo omi."