Iṣu Tí Mo Tu Dànù Nínú Sinimá

Ẹ fìdí balẹ̀, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí nídìí iṣẹ́ sinimá. Ẹ máa ń yìn mí pé èmi ni ọmọ Manigri àkọ́kọ́ tó ṣe é. Ẹ ṣeun o! Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti ń yìn mí ni ojú ń tì mí.

Faransé ló ṣì ń ṣèjọba Dahomey nígbà tí òyìnbó kan gbé ẹ̀rọ sinimá dé Manigri ìlú wa. Ó ń wá ọmọbìnrin tí yóò ṣe ìyàwó àgbẹ̀ nínú sinimá rẹ̀, ó sì mú mi. Inú mi dùn débi pé n kò lè jẹun!

Lọ́jọ́ kan, ó ní kí n wa iṣu, kí n sè é, kí n sì jẹ ẹ́. Wàhálà dé! A ò tíì ṣọdún iṣu. Ta ni kò mọ̀ pé iṣu tuntun kì í kan ẹnu ẹnikẹ́ni kí ọdún tó dé? Bàbá mi gan-an ló sì ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò fún gbogbo ìlú. Mo ṣàlàyé fún musé, bí a ti ń pe òyìnbó náà, ó kàn ń rẹ́rìn-ín. Mo bá dọ́gbọ́n: mo bù ú sẹ́nu, mo rún un díẹ̀, mo tu ú dànù. Mo rò pé mo gbọ́n!

Lọ́dún kejì, nígbà tí ọdún iṣu ń sún mọ́lé, wọ́n gbé sinimá náà wá sí Bassila, ìlú tó wà nítòsí wa. Bàbá mi wọ agbádá, ó jókòó níwájú, ó ń fi mí han àwọn àgbà.

Áà! Wọ́n ti gé ibi tí mo ti tu iṣu dànù kúrò! Lẹ́yìn mi nínú sinimá náà, ewé iṣu ṣì tutù yọ̀yọ̀ lórí ebè. Ṣé àgbẹ̀ lẹ fẹ́ tàn jẹ? Gbogbo wọn ló mọ̀ pé ọdún kò tíì dé nígbà yẹn. Obìnrin kan pariwo pé ọmọ ti jẹ iṣu ṣáájú bàbá rẹ̀. Bàbá mi dìde, ó jáde.

Nílé, ohun kan ṣoṣo ló bi mí. "Ṣé o gbé e mì?"

Mo búra pé rárá.

"Mo gbà ọ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n ta ló rí èyí tí o tu?"

Nígbà tí ọdún dé, wọ́n gbé ọ̀bẹ tí a fi ń gé iṣu tuntun fún un, kò gbà á. Ó ní ilé tí ìlú ń fura sí kò gbọdọ̀ ṣáájú ìlú jẹun. Kò mú ọ̀bẹ náà mọ́ títí tó fi kú. Èmi ṣe sinimá dé Dakar, òkìkí mi kàn. Bàbá mi kò bá mi wí rí. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Wọ́n ní ẹyin lohùn. Sinimá náà, ẹyin ni: bó bá ti balẹ̀, kò ṣeé kó mọ́. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ni iṣẹ́ tiyín ti dójú tì rí, tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀? Ẹ sọ ọ́ fún mi, kí n má baà rò pé èmi nìkan ni.