Ọdúnayọ̀, Módẹ́ẹ̀mù Rẹ̀ àti Ẹni Tí Kò Fẹ́ Pè Ní Àǹtí

Títì nìkan ló wà láàárín ìsọ̀ Ọdúnayọ̀ àti ìsọ̀ Hàbíbàt ní Ìpótì-Èkìtì. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe: wọ́n ń tẹ ìwé, wọ́n ń ṣe fọ́tòkọ́pì, wọ́n sì ń forúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ fún ìdánwò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan náà, Kọ́láwọlé, ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́ ní Ìjerò.

Ọdúnayọ̀ ló dàgbà jù. Ó ti bí Ayọ̀bọ́lá, àkọ́bí rẹ̀, kó tó lọ kọ́ṣẹ́. Ṣùgbọ́n Hàbíbàt, tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Ìwó, ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá, òfin ibẹ̀ sì ni pé ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ni ẹ̀gbọ́n. Gbogbo ọmọ iṣẹ́ ló ń pe Hàbíbàt ní Àǹtí. Ọdúnayọ̀ nìkan ni kò pè é bẹ́ẹ̀ rí.

"Ọmọ tí mo lè pọ̀n?" ló bi èmi aládùúgbò wọn.

Mo wo àwọn méjèèjì dáadáa. Kò lè pọ̀n ọ́n.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Ọdúnayọ̀ ra kọ̀ǹpútà àlòkù kan. Bó bá ki módẹ́ẹ̀mù bọ̀ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kọ̀ǹpútà á ní òun ń pe íńtánẹ́ẹ̀tì, lẹ́yìn náà á ní ìpè kò wọlé. Irú módẹ́ẹ̀mù kan náà ni Hàbíbàt ń lò lódìkejì, àwọn oníbàárà sì kún orí bẹ́ǹṣì rẹ̀. Ọdúnayọ̀ yí àga rẹ̀ padà kó má baà rí wọn. Kò pẹ́ tó tún fi yí i síbẹ̀.

Ìyáàfin Olúbùnmi, ọ̀gá ilé ìwé girama kan nítòsí, ló wá dá kún un. "Lọ́jọ́ Ajé ni mò ń kó àwọn ọmọ kíláàsì ìparí bọ̀," ló wí. "Ìsọ̀ tí íńtánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́ ni màá kó wọn sí." Iṣẹ́ yìí ló ń gbé irú ìsọ̀ bẹ́ẹ̀ ró títí ọdún fi ń parí.

"Hàbíbàt ló de ẹ̀rọ mi," Ọdúnayọ̀ sọ fún mi.

Mo bèèrè ẹ̀rí.

"Ó wá kí mi kú ọjà tuntun, ó sì fọwọ́ pa kọ̀ǹpútà náà lórí bí ẹni ń pa ọmọ lórí."

Ẹ̀rí yẹn ò tó mi. Ó pe Kọ́láwọlé lórí fóònù lójú mi. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n ẹ wà níwájú ẹ, èmi lò ń pè ní Ìjerò? Lọ bá Àǹtí ẹ!"

"Ó ti pẹ́ tó ti fẹ́ràn rẹ̀ jù mí lọ," Ọdúnayọ̀ wí, ó sì ju fóònù sórí tábìlì. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé ló tó sọdá.

"Ìyá Ayọ̀bọ́lá, ẹ káàbọ̀," Hàbíbàt kí i. "Ṣé módẹ́ẹ̀mù yín ti jí?"

"Kò tíì jí. Wá bá mi wò ó."

"Ta lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀?"

Àdìgún, awakọ̀ kan tó ń dúró de fọ́tòkọ́pì, bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ pè é ní àǹtí, ẹ jẹ́ á ráyè lọ síbi tí à ń lọ!"

Ọdúnayọ̀ wolẹ̀. "Àǹtí Hàbíbàt, ẹ jọ̀ọ́," ló wí, bí ẹni gbé ewúro mì láìfọ̀.

Hàbíbàt sọdá, ó jókòó, ó ṣí ibi tí wọ́n ti ń ṣètò bí módẹ́ẹ̀mù yóò ṣe pe nọ́ńbà. "Ta ló kọ 030 síbí?"

"Èmi ni. Kọ̀ǹpútà ló bi mí ní kóòdù àdúgbò mi. Ṣé kì í ṣe òun la fi ń pe Adó nígbà fóònù onílẹ̀ ni?"

"Fóònù onílẹ̀ ló nílò ìyẹn! Síìmù ló wà nínú eléyìí. Ẹ̀ ń mú un fi 030 síwájú nọ́ńbà tó yẹ kó dá pè." Ó pa á rẹ́. Ó tún yọ àmì tó ní kí módẹ́ẹ̀mù dúró gbọ́ ohùn láìnì fóònù kó tó pè. "Síìmù kì í dún bíi ti onílẹ̀. Á kàn máa dúró ni."

Ìpè wọlé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

"Ta ló kọ́ yín?" Ọdúnayọ̀ bèèrè. Kò tíì dúpẹ́.

"Ọ̀gá ni. Lọ́jọ́ tí ẹ ò wá."

"Ọjọ́ wo nìyẹn?"

Hàbíbàt ò rántí. Ọdúnayọ̀ ò gbà pé kò rántí.

Lọ́jọ́ Ajé, Ìyáàfin Olúbùnmi pín àwọn ọmọ náà sọ́nà méjì, apá kan síhìn-ín, apá kan sọ́hùn-ún. Mo bi Ọdúnayọ̀ bóyá ó ṣì gbà pé wọ́n de ẹ̀rọ òun. Ó ní rárá. Ó na ọrùn wo òdìkejì títì.

"Àwọn tó mọ orúkọ ara wọn kọ ni ìyáàfin kó fún un," ló wí. "Wò ó bí wọ́n ṣe ń tètè parí."