Ìdajì Ọ̀rọ̀ Tí Wọ́n Gé Lẹ́nu Onígò

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ọkùnrin tí à ń pè ní Onígò ti fi ń yẹ omi wò. Yàrá iṣẹ́ rẹ̀ kò fẹ̀ ju ilé ìdáná lọ: kọ́bọ́ọ̀dù kan tó máa ń móoru, ẹ̀rọ omi ìfọwọ́, àti ìgò tó tò lẹ́sẹẹsẹ bí ọmọ iléèwé. Bí o bá gbé omi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tí o bi í pé, “Ṣé ó dáa?”, èsì kan ṣoṣo ló ní: “Padà wá lọ́la.” Omi náà gbọ́dọ̀ sùn nínú kọ́bọ́ọ̀dù, kí kòkòrò tí ojú kò rí tó yọjú. Ọ̀gá rẹ̀ pàápàá kì í rí èsì gbà ṣáájú ọjọ́ kejì.

Nígbà tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan nílé iṣẹ́ rédíò bẹ̀ ẹ́ pé kó máa kọ ọ̀rọ̀ tí òun yóò máa kà fún wa lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti là wá lóye, inú èmi aládùúgbò rẹ̀ dùn. Mi ò ní purọ́, ó ṣàǹfààní. Àwọn tó gbẹ́ ṣalángá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga dí i pa. Àwọn ìyá ń fọṣẹ fọwọ́ kí wọ́n tó bọ́ ọmọ. Nọ́ọ̀sì àdúgbò ní ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru ti dín kù.

Ọ̀rọ̀ oòrùn ló bà á jẹ́. Ohun tí Onígò kọ nìyí: kí a sẹ́ omi títí yóò fi mọ́ gaara, kí a rọ ọ́ sínú ìgò oníke tí a lè rí òdìkejì rẹ̀, kí a tẹ́ ẹ sóòrùn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, bí ojú ọjọ́ bá ṣú, ọjọ́ méjì gbáko. Ohun tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ fi ohùn ara rẹ̀ gbé jáde lórúkọ Onígò, tòun torin, nìyí: “Oòrùn ń pa kòkòrò! Rọ ọ́, sá a, mu ún!”

Kò pẹ́ tí ọmọ àbúrò Onígò obìnrin fi dèrò ilé ìwòsàn. Mo wọ ilé ìdáná ìyá rẹ̀. Ìgò tó wà lójú fèrèsé dúdú bí omi gọ́tà, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń yọ̀ bí kèlébè, tanwíjí méjì ń jó nínú rẹ̀.

“Báwo ló ṣe pẹ́ tó nínú oòrùn?” mo bi ìyá náà.

“Kí n tó fọ abọ́ tán ni, màmá. Ṣebí ẹ̀gbọ́n mi fúnra wọn ni wọ́n sọ ọ́.”

Mo lọ sọ ohun tí mo rí fún Onígò.

Onígò forí lé ilé iṣẹ́ rédíò, mo tẹ̀ lé e. Ìwé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ la bá lábẹ́ ife tíì sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, ó ti rin gbindingbindin.

“Ka ìyókù ọ̀rọ̀ mi síta,” ni Onígò wí. “Ọmọ àbúrò mi ń bẹ lórí bẹ́ẹ̀dì. Àwọn ọmọ mìíràn ṣì ń mu ún.”

“Ah, Bàbá! Orin yẹn ti gbòde, àwọn ọmọdé ń fi jó. Ṣé ẹ fẹ́ kí n wá máa ka ìwé òfin fún wọn ni? Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fọ́mọlúàbí.”

“Kòkòrò kì í ṣọmọlúàbí.”

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ mọ̀ ọ́n sọ! Ẹ tún un sọ, ẹ jẹ́ n gba ìyẹn sílẹ̀.”

Ó rí mi lára. Òpè tó ń purọ́, mo lè foríjì í. Ẹni tí òtítọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, tó wá bẹ́ ẹ lórí kó lè dùn létí, irú rẹ̀ ni mi ò lè bá jẹun.

Onígò kò bá a jiyàn mọ́. Ọ̀sán ọjọ́ náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé láti tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Nílé kẹta, a bá obìnrin kan tó ń rọ omi pípọ́n láti inú ìgò sínú ife.

“Ẹ má mu ún, ìyá. Kò tíì mọ́. Ẹ ní láti kọ́kọ́ sẹ́ ẹ.”

“Ta ni yín?”

“Èmi ni Onígò.”

Obìnrin náà wò ó láti orí dé bàtà. “Ẹ̀yin kẹ̀! Ẹnu Onígò orí rédíò yá, ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Onígò ò sọ pé ká sẹ́ nǹkan kan.”

Ó na ife náà sí ọmọbìnrin rẹ̀. Onígò gbà á mọ́ ọmọ náà lọ́wọ́, ó dà á sílẹ̀.

“Ẹ gbà mí o! Wèrè ti wọlé!” Obìnrin náà ń pe ọkọ rẹ̀.

Mo fa Onígò láṣọ pé ká máa lọ. Kò mira. Ìgò kejì ṣì wà lójú fèrèsé, ọmọ náà sì ti ń nawọ́ sí i.