Ẹ̀kùrọ́ Tí Yèyé Mi Kò Fi Sínú Igbá

Òórùn ewé ìran tútù, ewé tí wọ́n fi ń wé mọ́ínmọ́ín, ni mo fi máa ń mọ̀ pé mo ti délé. Tí mo bá ti sọ̀ kalẹ̀ ní Emùré, tí ọ̀kadà sì gbé mi wọ ọ̀nà abúlé wa, afẹ́fẹ́ tó ń ti inú igbó ọba wá á bẹ̀rẹ̀ sí í tutù díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń wọnú odò, òórùn náà á sì dé: ewé tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, ilẹ̀ dúdú, èéfín ilé ìdáná. Ìwọ náà tó dàgbà lẹ́bàá igbó mọ ohun tí mò ń sọ. Lẹ́yìn ilé wa, yèyé mi á wà láàárín òkìtì ewé, á máa tò wọ́n léra wọn, á máa di wọ́n ní ìdì ní ìdì. Ewé yẹn ló rán mi nílé ìwé títí mo fi dé yunifásítì, níbi tí mo ti kọ́ nípa ìtọ́jú igbó. Nígbà mìíràn ó máa ń ṣe mí bí àlá pé ohun tó hù lábẹ́ àwọn igi náà ló ra òye wọn fún mi.

Lọ́dún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, wọ́n ti lé àwọn obìnrin tó ń já ewé kúrò nínú igbó ọba, igbó tí ìjọba ń ṣọ́. Jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo fi iyọ̀ sí i. Àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó fi irin dábùú ọ̀nà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n gba àdá lọ́wọ́ yèyé mi, lẹ́ẹ̀kejì wọ́n da ewé rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì rìn lórí rẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ kan náà ló ń gbé irin sókè lọ́sàn-án gangan fún ọkọ̀ àwọn agégẹdú, tí wọ́n sì ń juwọ́ sí awakọ̀. Kò sí ìpàdé tí wọ́n pè kí wọ́n tó ṣòfin, kò sí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ibì kankan. Ẹni tó fọwọ́ sí i lórúkọ abúlé ni alága ìgbìmọ̀ igbó, bàbá arúgbó àdúgbò wa, ẹni tó gbé mi jó lọ́jọ́ tí wọ́n sọ mí lórúkọ.

Nígbà tó yá, ọ̀gá kan tí kò gbọ́ èdè wa wá láti ọ́fíìsì ìjọba ní Adó láti yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọ́n ń ṣàkóso igbó náà bó ṣe tọ́ sí gbogbo ènìyàn. Èmi ni wọ́n mú ní ògbufọ̀. Ọ̀gá sọ fún mi lójú ọ̀nà pé ohun tí abúlé bá wí lọ́jọ́ náà ni yóò sọ bóyá wọn á ṣí irin fún àwọn tó ń já ewé. Inú mi dùn débi pé n kò rántí kòtò kankan lójú ọ̀nà yẹn.

Abẹ́ igi àgbálùmọ̀ tó wà níwájú ilé alága la jókòó sí. Ọ̀gá gbé igbá méjì kalẹ̀, ọ̀kan funfun, ọ̀kan dúdú. Ó pín ẹ̀kùrọ́ kọ̀ọ̀kan fún ọgbọ̀n ènìyàn. Ẹni tí àkóso igbó bá tẹ́ lọ́rùn, kó fi tirẹ̀ sínú funfun. Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn, kó fi í sínú dúdú.

Ibí ni àṣìṣe mi wà, èmi nìkan ni mo sì ṣe é. Ọ̀gá bi mí pé ta ni kó ṣáájú, mo ní àgbà ni. Bí a ṣe ń ṣe gbogbo nǹkan nílé wa nìyẹn, ọwọ́ ọmọdé kì í ṣáájú. Bàbá alága dìde, ó ju tirẹ̀ sínú igbá funfun, ó dún kò, ó sì fa àga rẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ igbá náà. Bí àwọn obìnrin ṣe ń wá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kúnlẹ̀ kí i, ó sì ń dá wọn lóhùn pé, “O ṣé, ìyàwó wa.” Adẹ́mu kan ní ibi tí bàbá bá wà lòun wà, kí wọ́n má baà sọ pé ẹmu òun ti kan. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Oòrùn ń já bọ́ láàárín ewé àgbálùmọ̀, ó ń tàn yẹ́ríyẹ́rí lórí gèlè yèyé mi bó ṣe kúnlẹ̀, tó ki ọwọ́ bọ igbá funfun, tó sì yọ ọ́.

Ẹ̀kùrọ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n la bá nínú funfun. Dúdú ṣófo. Ọ̀gá ní ọ̀kan ti yí sínú koríko, ó sì kọ ọ́ pé gbogbo abúlé ló fara mọ́ ọn. Mo wá inú koríko yẹn títí orúnkún mi fi pọ́n.

Nígbà tí mo délé, mo fi ìbínú bi yèyé mi ìdí tó fi ki ọwọ́ bọ igbá funfun. Kò gbójú kúrò lára ewé gbígbẹ díẹ̀ tó kù sílẹ̀.

“Ṣé kí n wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú bàbá,” ó ní, “kí n wá na ọwọ́ kọjá lára rẹ̀ sínú igbá kejì? Ta ló ní kó ṣáájú?”

Ó tú kókó etí aṣọ rẹ̀, ó sì fi nǹkan kékeré kan lé mi lọ́wọ́, ó ṣì gbóná láti ara rẹ̀.

“Tèmi rèé. N kò tíì fi í síbì kankan.”

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa ni mo ti dé ibi tí ọ̀gá wọ̀ sí. Mo bẹ̀ ẹ́ pé ká tún un ṣe, ká fi aṣọ bo igbá méjèèjì, kí ẹnikẹ́ni má rí ibi tí ọwọ́ ẹnìkejì rẹ̀ lọ. Ó wo ẹ̀kùrọ́ náà, ó ní ìwé òun ti kún, ó sì wọkọ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ń kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì wọn ní Adó. Gbogbo ohun tí mo sọ fún ọ yìí ló wà nínú wọn, ọjọ́ àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀, títí kan àṣìṣe tèmi. Kò tíì sí ẹni tó fèsì. Irin náà ṣì dábùú ọ̀nà, ewé tí wọ́n ń kó wá láti ọ̀nà jíjìn sì ni yèyé mi ń rà l’Ọ́jà Ìkẹ́rẹ́.

Mo ti bá ọ̀pọ̀ abúlé ṣe irú iṣẹ́ yẹn lẹ́yìn náà. Aṣọ ni mo kọ́kọ́ ń fi bo igbá kí n tó la ẹnu. Mo ti wá mọ̀ pé nínú gbogbo ohun tí abúlé wa wí lọ́jọ́ náà, ẹ̀kùrọ́ kan tí a kò rí kà nìkan ló sọ òótọ́. Inú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi ló wà. Bí mo bá sì ti délé, kí n tó gbé báàgì kalẹ̀, yèyé mi á bi mí pé, “Ṣé wọ́n ti gbé igbá mìíràn wá lórí ọ̀rọ̀ ugbó yẹn?”

Mo ní rárá o, yèyé.

“Ó dáa,” á ní. “Bá mi tọ́jú rẹ̀.”